Ẹyin Inú Ṣawá

Ilé Ẹlẹ́ja,
Ẹ̀yìn Ọjà, Àpòmù.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn tí mo fi ń fẹ́ná,

Mo kí ọ láti ìdí àrò dé etí òkun tó o wà. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kánú, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì ń fi tan ara ẹ? Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà, Ọlọ́hun ló ṣe é.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ ìwé. Mo mọ̀ pé fóònù wà. Àmọ́ ti fóònù wa yìí, bí mo bá ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn báyìí, wàá ní, "Mọ́mì, ohùn yín ń já." Ìwé kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa mú un dání pẹ̀lú dòdò Ìkirè. Má jẹ dòdò náà tán lójọ́ kan, mo mọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló gbé mi jókòó. O ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà létí òkun lọ́hùn-ún ti fi iye ṣawá tí wọ́n ń pa láti ọdún mọ́dún ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín tó ń ṣọ́ ẹja òkun, ìwọ ni wọ́n sì ní kó o kó o pọ̀, kó o sọ bó ṣe ń lọ. O ní ó ń lọ sílẹ̀. O ní bó o bá kọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n lè ní kí àwọn apẹja fi òkun sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ lọ́dọọdún kí ẹja lè ráyè bímọ, àti pé láwọn oṣù yẹn, páálí ẹja lè má dé Àpòmù. Ibẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. O ní, "Mọ́mì, ṣé èmi ni màá wá kọ ìwé tó máa pa iná àrò yín? Àrò tó rán mi níléèwé? Mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn." Kí n tó la ẹnu, o tún bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ rí ẹyin nínú ṣawá gbẹ̀yìn?"

O ń pè mí, "Mọ́mì? Mọ́mì?" Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Irọ́ ni. Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan, ìbéèrè yẹn ló bá mi níbi tí n ò rò. Mo wá jókòó ti àrò, mo ń rò ó, ẹja orí wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná mọ́ mi lójú.

Ìdáhùn mi ló wà nínú ìwé yìí. Ó máa gùn o. Wá ibi jókòó sí.

Àkọ́kọ́, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun. Má kánjú. Nígbà tí mo dé ilé bàbá ẹ láti Ìkirè, tí ìyá wọn, Ìyá Àgbà tó o mọ̀, ń kọ́ mi ní ẹja yíyan, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i pé ìyàwó tuntun yára. Lọ́jọ́ kan tí wọn ò sí nílé, mo kó igi gbígbẹ wọ àrò, iná ń jó fòfò, èmi náà ń yọ̀. Kíá, ẹ̀yìn ẹja ti pọ́n, mo kó o lọ sọ́jà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òórùn ti ń lé oníbàárà. Ẹ̀yìn ẹja gbẹ lóòótọ́, inú ẹ̀ ò mọ iná rí. Ìyá Àgbà fọ́ ọ̀kan, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Iná ló yá, ẹja ò yá." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iná kékeré, èéfín púpọ̀, àti ìjókòó ni ẹja ń fẹ́. Ibi tó o wà yẹn, o ò tíì pẹ́ níbẹ̀. Jókòó. Mọ orúkọ àwọn tó ń gbálẹ̀. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní èdè wọn kó o tó fi gẹ̀ẹ́sì bá wọn lò. Ìkíni kì í ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Èkejì ni ti orílẹ̀-èdè kan tó o sọ nígbà tó o kọ́kọ́ débẹ̀, tó jẹ́ pé iye tiẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè láàárín gbogbo wọn, tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ sì ní ìyẹn fi hàn pé ẹja ṣì pọ̀ lómi. Mo mọ̀ pé o ti kàwé ọ̀rọ̀ yìí ju ibi tí ojú mi lè dé lọ. Àmọ́ jẹ́ n sọ tèmi, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kí ṣawá tó di iṣẹ́ wa, odò Aṣẹ́jìrẹ ni mo ti ń ra ẹja. O ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ọdún kan wà lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí agbọ̀n mi ń kún dẹ́nu lójoojúmọ́. Mo ń kọrin bọ̀ láti Aṣẹ́jìrẹ. Ìdílé kan ní Ìkirè fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé èmi ni màá gbé ẹja gbogbo ọbẹ̀ wọn. Mo dé ilé, mo ń fọ́nnu fún Ìyá Àgbà pé ẹja ti pọ̀ lódò.

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ tó ò ń bá létí omi, ṣé bí wọ́n ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni?"

Mo ní, "Rárá o, wọ́n ti pọ̀ sí i. Àwọn tó ń dáko ní Ìkòyí ìtòsí wa níbí pàápàá ti ra ọkọ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń ti orí omi bọ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, kí oòrùn tó mú ni. Ní báyìí, ó di ọ̀sán gangan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, ẹja kọ́ ló pọ̀. Apẹja ló pọ̀."

Ṣé mo gbọ́? Kí ló fẹ́ mú mi gbọ́, èmi tí agbọ̀n mi kún. Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, odò pa ẹnu mọ́. Apẹja ń na àwọ̀n láti àárọ̀, wọ́n ń fà á bọ̀ ní òfìfo. Mo wá gbogbo ọjà Àpòmù kiri, mo sáré lọ Ìkirè, n ò rí ẹja tó kún àwo kan. Ẹran ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Ìyá ìyàwó kò bú mi o. Ó kàn máa ń kí mi tá a bá ti pàdé lọ́jà, "Ìyàwó ẹlẹ́ja, ẹ kú ìlérí o." Ó kí mi bẹ́ẹ̀ títí tó fi rí ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyẹn tí n kì í ṣèlérí ẹja fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ fún ọ pé agbọ̀n kún, bi wọ́n léèrè ọkọ̀. Bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí omi. Àmọ́ fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó jókòó kọ iye yẹn fún ọ láti orílẹ̀-èdè tiẹ̀, má sáré pè é ní òpùrọ́. Ó lè jẹ́ pé agbọ̀n ló rí, òun náà ń yọ̀ bíi tèmi. Ó sì lè jẹ́ pé ó ní ìyá tó ń yan ẹja. Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta yìí ló dùn mí jù. N ò sọ ọ́ fún ọ rí torí n kò tíì rò ó dáadáa rí àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

Nígbà tó o wà ní pámárì, ṣé o rántí bí ṣawá ṣe rí? Tí a bá gbé e sínú àwo, ìrù á yọ síta. Tí mo bá tú páálí, mo máa ń ṣa àwọn kékeré inú ẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn yẹn ni mo fi ń ṣe èènì. Oníbàárà tó bá ra tó nǹkan, màá ju kékeré kan lé e, yóò ṣe àdúà fún mi, ó di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tó yá, ẹja inú páálí bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ṣé o mọ ohun tí àwa ẹlẹ́ja Àpòmù ṣe? A jó! Ẹyọ-ẹyọ la ń tà á, owó páálí ò sì yí padà, ẹja inú ẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ìyá Ràfíù, olórí wa, gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, páálí ti bí ìbejì!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A ṣe àdúà fún ẹni tó ń kó o wá. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bèèrè pé, àwọn ńlá dà?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún kéré sí i. A tún dúpẹ́. Nígbà tí páálí wá gbówó lórí, tí a sì ń dúró de ọkọ̀ ẹja títí ọjọ́ fi ń kanrí, kálukú ń bú ìjọba, a ń bú dẹ́rẹ́bà, a ń bú ẹni tó ni ilé yìnyín. Ẹja tí mo fi ń ṣe èènì nígbà yẹn, ọmọ mi, òun ni mo ń tà lójú àtẹ lónìí. N ò wá ní nǹkan kan tí mo lè fi ṣe èènì mọ́.

Bàbá Tíṣà Ìkirè, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó máa ń ra ẹja fún ìyàwó wọn tí wọ́n bá ń kọjá, wá lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ìyá Sìdí, èènì mi ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rín ni èènì báyìí o." Wọ́n rín in fún mi. Ni wọ́n bá gbé ẹja kan sókè, wọ́n ń yí i wò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àwọn yìí ò tíì tó iléèwé lọ." Mo fi ẹ̀rín bò ó. Ó dùn mí nínú, n ò kàn mọ ohun tó ń dùn mí ni.

Ọgbọ́n tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí o máa ṣọ́ra fún ohun tó bá dé tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Béèrè ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ ẹkún ni, a sábà máa ń béèrè.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé ọ̀rọ̀ ẹ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wa. N ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí wọ́n máa ní ọmọ Ìyá Sìdí ló dalẹ̀ wa. A jókòó sábẹ́ páànù Ìyá Ràfíù. Mo là á kalẹ̀ bó o ṣe là á fún mi, gbogbo ẹ̀ pátá. Kó tó tán, Ìyá Ràfíù ti dìde.

"Sìdíkátù? Sìdíkátù tí a jọ gbàdúà fún nígbà tó fẹ́ lọ Yunifásítì? Òun ló máa lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n má pẹja mọ́? Kí wá la fẹ́ máa yan, òkúta?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wa. Ọmọ ọ̀hún ń sunkún."

"Kó sunkún dáadáa! Àwa náà á bá a sun ún nígbà tí àrò bá kú!"

Ariwo ta. Oníkálukú ń sọ tiẹ̀. Èyí ní ọmọ òun ṣì wà níléèwé, èyí ní ẹja yìí ni òun fi ń ra oògùn fún ọkọ òun. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, òótọ́ ni. Ni mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè tó o bi mí. Mo ní, "Ẹ má bínú. Nínú gbogbo wa níbí, ta ló lè rántí ìgbà tó rí ẹyin nínú ṣawá gbẹ̀yìn?"

Sìdí, kálukú ń fi ìka ka ọdún. A ń wo ara wa. Ìyá Ràfíù rọra jókòó padà, wọ́n fi igun ìró nu ojú wọn.

Wọ́n ní, "Nígbà yẹn, Ràfíù ò tíì gbéyàwó."

Ọmọ Ràfíù tó dàgbà jù ti ń ṣe wáèkì lọ́dún yìí.

Wọ́n tún ní, "Ọmọdé ni gbogbo wa ń yan láti ọjọ́ yìí. Àwọn tí ò tíì bímọ rí. Háà." Wọ́n mi orí. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Sọ fún un kó kọ ọ́. Má ṣe jẹ́ kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ọ̀hún ò mọ̀ wá. Kó kọ ohun tó rí, kó sì kọ tiwa sí i: pé àwọn kan wà ní Àpòmù tí ẹja yìí ń bọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ti òkun, kí wọ́n sọ fún wa ṣáájú, ká lè wá nǹkan mìíràn yan. Kí wọ́n má kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lẹ́yìn bí ẹni lé adìyẹ."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ.

Ní tèmi, n ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Àrò yìí ni mo mọ̀. Òun ni mo fi sin bàbá ẹ, òun ni mo fi rán ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ níléèwé, n kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́ tí màá tún lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn. Mo ti ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sin ẹja àrọ̀ lọ́nà Ìkòyí sọ̀rọ̀, bóyá màá máa yan tiẹ̀ láwọn oṣù tí ṣawá ò bá sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá kú fún ìgbà díẹ̀, yóò dùn mí. Bó bá jẹ́ pé torí mi lo fi kọ irọ́, tàbí torí mi lo fi sá fún òótọ́, ìyẹn á dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́. Àmọ́ ọmọ ọlọ́jà ni ọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ọjà tí kò yá.

Má rò pé ò ń já àrò tó rán ọ níléèwé kulẹ̀. Kí ló dé tí àrò fi rán ọ níléèwé? Ṣé kó o lè lọ máa bò ó láṣìírí ni? Ẹja tútù ló ṣeé ká, ọmọ mi. Bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́. Ìsinsìnyí tí nǹkan ṣì kù lómi ni kó o sọ ọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù rèé. Máa kírun lásìkò, iṣẹ́ ò ní sá lọ. Má dá jẹun bó o bá rí ẹni bá ọ jẹ. Bí oorun ò bá kùn ọ́, pè mí, n kì í sùn púpọ̀ mọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ, n ò sọ nǹkan kan nínú ìwé yìí. Ṣé o rí i pé mo gbìyànjú?

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tó o kéré, a kì í la ikùn ṣawá kí a tó yan án, odindi là ń gbé e lé wáyà. Èyí tó bá fọ́, a ò lè gbé e lọ sọ́jà, tilé ni. O máa ń jókòó ti àrò, èéfín ń bọ́ sí ọ lójú, o ò ní dìde, ò ń ṣọ́ èyí tó máa fọ́. Tó bá fọ́ tí ẹyin bá wà nínú ẹ̀, tìẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ á ké, á ní ìwọ nìkan ni mo bí. Wàá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gààrí, wàá fi ìró mi nu epo ẹnu ẹ. Ìbéèrè ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ìdáhùn ẹ̀ nìyí: èyí tó gbẹ̀yìn tí mo rí, ìwọ lo jẹ ẹ́. N ò mọ̀ nígbà náà pé òun ló gbẹ̀yìn. Ǹ bá wò ó dáadáa.

Kọ ìwé náà, Àbẹ̀kẹ́. Kọ orúkọ ẹ sí i. Èyí tó bá fọ́ lórí wáyà, mi ò ní í jẹ ẹ́ láìla inú ẹ̀ wò. Ọjọ́ tí mo bá tún bá ẹyin níbẹ̀, n ò ní tà á, n ò ní fi ṣe èènì fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n ẹ ì báà ké dọ́la. Màá fi ewé bò ó, màá pè ọ́. Kó o máa bọ̀ wálé wá jẹ ẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Àwẹ̀ró, nídìí àrò tó ṣì ń rú èéfín.